GBOGBO IBÀ KỌ́ NI TÀÍFỌ́Ọ̀DÙ! Tẹ́ẹ̀sì àti abẹ́rẹ́ tí kò kan àìsàn wa ń jẹ owó ọjà run n'Ìbàdàn

Ìlera lọrọ̀. Àwọn bàbá wa wí i, àwọn ìyá wa sì tún un wí. Àmọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ yìí láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó dé Bẹyẹrúnká, ó ti fẹ́ dà bíi pé ọrọ̀ là ń kó lọ sílé ìlera, tí a kì í sì í fi ìlera bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá aláta kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀, nítorí irú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ẹ bá ju òkúta sáàárín Ọjà'ba, ara irú rẹ̀ ni yóò bà. Ìyá yìí jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, orí ń fọ́ ọ, ara ń ro ó, ẹnu rẹ̀ korò bí ewúro. Kò kúkú dúró sílé, torí ata tó ti rà kò ní dúró dè é. Ó gbé ọmọlanke síwájú, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì.

"Ẹ kúùrọ̀ o, bọ̀dá dókítà."

"Ẹ kúùrọ̀, màmá. Kí ló dé tójú yín rí báyìí?"

"Orí ló ń fọ́ mi o. Gbogbo ara ń ro mí bí ẹni tí wọ́n lù mọ́jú. Ẹ bá mi wò ó, àbí tàífọ́ọ̀dù mi ló tún dé?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, màmá. Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, kí ẹ mú ìwé rẹ̀ wá."

Ìyá lọ, ó ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó mú ìwé bọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibà ní pílọ́ọ̀sì méjì, wọ́n sì kọ 1/160 síwájú tàífọ́ọ̀dù. Ó parí! Abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún, kápúsù alárànbarà nínú ọ̀rá, wọ́n tún ní kó wá gba omi lálẹ́, omi aláwọ̀ yẹ́lò tó ń kán tó, tó, tó. Owó èésú tó yẹ kó fi ra àpò ata tuntun bá a lọ. Ìyá sùn, ó jí, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ní, "Oníkẹ́míìsì yìí mọṣẹ́ o!"

Kò pé oṣù kan, orí tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá tún lọ. Láàbù tún kọ 1/160. Àwọn ìyá tí wọ́n ti ń "tọ́jú tàífọ́ọ̀dù" láti ọdún márùn-ún, tí kò sì lọ, wọ́n pọ̀ lọ́jà. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni pé, ṣé tàífọ́ọ̀dù ni lóòótọ́?

ÌWÉ LÁÀBÙ TÍ Ń DẸ́RÙ BANI

Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń ṣe fún ìyá aláta yìí, Widal ni wọ́n ń pè é. Dókítà ará Faransé kan, Fernand Widal, ló gbé e jáde nílùú Paris ní 1896. Ó ti ju ọgọ́fà ọdún lọ. Nígbà tó gbé e jáde, iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Tẹ́ẹ̀sì yìí kì í wá kòkòrò tàífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ohun tó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun tí ara kó jọ láti bá kòkòrò náà jà. Bí ogun bá sì parí, àwọn ọmọ ogun yìí kì í tú ká lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n lè wà ńbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àní fún ọdún. Ẹni tó ti ṣe tàífọ́ọ̀dù sẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá, Widal lè mú un. Ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tàífọ́ọ̀dù, Widal lè mú un. Ẹni tó jẹ́ pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà ló ń ṣe é, tàbí kòkòrò mìíràn tó bá ti tàífọ́ọ̀dù tan, Widal lè mú òun náà. Nílùú tí tàífọ́ọ̀dù ti pọ̀ bíi tiwa, bí ẹ bá kó àwọn tí ara wọn le koko jọ, tí ẹ ṣe Widal fún wọn, púpọ̀ nínú wọn ni ìwé yóò kọ nǹkan sí lórí.

Ọmọ Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ ogun. Bí a bá rí ọkùnrin kan tí àpá ọgbẹ́ wà lójú rẹ̀, a mọ̀ pé ó ti jà rí. Àmọ́ ta ni yóò tìtorí àpá yẹn sọ pé ọkùnrin náà ń jà lọ́wọ́ báyìí? Àpá ìjà ni Widal ń rí. Kò mọ̀ bóyá tàná ni, kò mọ̀ bóyá ti èṣí ni.

Bí dókítà bá fẹ́ mọ̀ dájú pé tàífọ́ọ̀dù ló ń ṣe èèyàn, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà kí wọ́n tó fún un lóògùn rárá, wọ́n á sì tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà síbi tí kòkòrò, bó bá wà ńbẹ̀, yóò ti hù jáde bí ìgbà téèyàn gbin èso. Ọjọ́ mélòó kan ni ìyẹn ń gbà. Tẹ́ẹ̀sì tí èsì rẹ̀ ń jáde kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ jẹ àkàrà tán, ká fura sí i.

Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kò sí tàífọ́ọ̀dù n'Ìbàdàn o. Ó wà, ó sì ń pànìyàn. Omi tí kò mọ́ àti oúnjẹ tí eṣinṣin bà lé ló ń gbé e kiri. Ibà rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀, ó ń le sí i lójoojúmọ́, inú á máa run èèyàn. Ẹni tó bá rí irú èyí kó lọ sọ́sibítù, kó má dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ orí tó fọ́ni láàárọ̀ tó sì sàn nírọ̀lẹ́, kì í ṣe dandan kó jẹ́ òun.

TẸ́Ẹ̀SÌ TÓ YẸ KÁ ṢE, A KÌ Í ṢE É

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín tó sì tún pani lẹ́kún ni pé tẹ́ẹ̀sì tó wúlò wà, kò sì wọ́n. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ pé kí wọ́n máa ṣe tẹ́ẹ̀sì fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá fura pé ibà ẹ̀fọn ń ṣe, kí wọ́n tó fún un lóògùn. Wọ́n á gún orí ìka, ẹ̀jẹ̀ kán kan ṣoṣo, wọ́n á kán an sórí pátákó kékeré kan báyìí. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, ilà á jáde. Ilà kan, kì í ṣe ibà ẹ̀fọn. Ilà méjì, òun ni.

Bó bá jẹ́ òun, oògùn rẹ̀ wà. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti kúrò lórí kolorokúìnì, èyí tó máa ń yún wa lára bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ, torí pé kòkòrò ibà ti mọ̀ ọ́n, kò sì kà á kún mọ́. Oògùn onípele méjì tí wọ́n ń pè ní ACT ló rọ́pò rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, ọjọ́ mẹ́ta là ń lò ó, ẹnu là ń gbé e mì sí, kò sí abẹ́rẹ́ ńbẹ̀. Kìkì ibà tó ti le koko, tí aláìsàn kò lè gbé nǹkan mì mọ́ tàbí tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, ló ń gba abẹ́rẹ́, ọsibítù sì nibẹ̀ yẹn.

Bí ilà bá sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má fi dandan lé e pé ibà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ohun mìíràn. Ẹ sì má wulẹ̀ padà lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì pátákó yìí lọ́sẹ̀ kejì láti mọ̀ bóyá ibà ti lọ tán. Pátákó náà lè máa fi ilà méjì hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí èyí gbé oògùn mì lẹ́ẹ̀mejì fún ibà ẹẹ̀kan.

Òmíràn tún nìyí. Tẹ́ẹ̀sì jẹ́nótáìpù, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá AA, AS tàbí SS lèèyàn, àti irú ẹ̀jẹ̀ téèyàn ní, kì í yí padà títí ayé. Bí láàbù tó dáńtọ́ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀ síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí. Àìmọye ìyá ló ti sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta fún ọmọ kan ṣoṣo nítorí káàdì tó sọnù.

ẸSẸ̀ ỌMỌ TÍ ABẸ́RẸ́ BÀ JẸ́

N'Ìbàdàn, dókítà tí kò bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́, wọ́n á ní kò ṣe nǹkan kan. "Ó kàn bi mí ní ọ̀rọ̀ lásán ni, ó ní kí n máa lọ!" Abẹ́rẹ́ ta, ó ní láti jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ oògùn tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé èyí tó wà nínú hóró kò yàtọ̀ sí i.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Iṣan ńlá kan ń bẹ tó gba inú ìdí kọjá, tó lọ dé ẹsẹ̀. Òun ló ń gbé ẹsẹ̀ rìn. Ìdí ọmọdé kò lẹ́ran púpọ̀, iṣan náà kò jìnnà sókè. Bí ẹni tí kò mọṣẹ́ bá gún abẹ́rẹ́ síbi tí kò yẹ, bí abẹ́rẹ́ bá kan iṣan náà, tàbí tí oògùn tó le bíi kúìnì bá dà sí i lára, ọmọ tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wọ ṣọ́ọ̀bù á máa wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ jáde. Àwọn dókítà eegun nílẹ̀ wa ti kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nílé, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Wọ́n á di ìyá ọkọ lẹ́rù. Abẹ́rẹ́ ibà ni o!

Nígbà tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ṣì wọ́pọ̀ lóde, ó burú jù báyìí lọ. Bí kòkòrò rẹ̀ bá ti wà lára ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ọmọ náà nítorí ara gbígbóná lè jẹ́ kí àrùn náà mú ẹsẹ̀ tí wọ́n gún gan-an. A dúpẹ́ pé ní 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn náà tó ń rìn fúnra rẹ̀ ti tán ní Nàìjíríà, àjẹsára ló sì ṣe é. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó wá ní òun ò ní gbé ọmọ lọ gba àjẹsára mọ́. Ìyẹn yàtọ̀! Àjẹsára ni abẹ́rẹ́ tó tọ́. Apá tàbí itan ni wọ́n ń gún un sí, àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń gún un.

Oògùn abẹ́rẹ́ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní jẹntamaisíìnì. Oògùn gidi ni lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ bí wọn kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa, ó lè ba etí jẹ́, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Etí tó bá sì ti ipa bẹ́ẹ̀ di, kì í sábà là mọ́. Ẹ̀rù ló yẹ kó bani pé oògùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gún fún ọ̀fìnkìn.

OMI YẸ́LÒ TÓ Ń KÁN TÓ, TÓ, TÓ

Kí ló wà nínú omi tí wọ́n ń fà sí ìyá aláta lára? Omi, iyọ̀ àti ṣúgà ni. Àpò omi oníṣúgà tí ìdajì lítà wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ 5% sí lára, ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 25. Nǹkan bíi ṣíbí tíì mẹ́fà nìyẹn. Ohun tó sọ ọ́ di yẹ́lò, fítámìnì ni, inú ìtọ̀ sì ni púpọ̀ rẹ̀ ń bá lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá lè jókòó mu ẹ̀kọ gbígbóná kó fi mọ́ínmọ́ín tì í lẹ́yìn, kí ló ń fi omi yìí ṣe?

Omi dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ púpọ̀, fún ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì, fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa gbogbo omi ara rẹ̀ tán. Àmọ́ fún ẹni tó rẹ̀ nítorí ó ń jí ní aago mẹ́rin tó ń sùn ní méjìlá, oorun loògùn rẹ̀. Kò sí kẹ́míìsì tó ń ta oorun. Bí ọkàn ìyá náà bá sì ti ń rẹ̀ láìmọ̀, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, omi tí wọ́n dà sí i lára yìí lè dá èémí mọ́ ọn láyà.

ỌMỌ TÓ Ń YÀGBẸ́ GBUURU ÀTI ỌMỌ TÓ Ń HU EYÍN

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, kò fẹ́ràn kí wọ́n máa da kápúsù sínú ọmọ tó ń yàgbẹ́. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló ń kéde kiri. Ó ti pẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tíì di àtijọ́. Ohun tó ń pa ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ni omi tó tán lára rẹ̀. Kápúsù kò sì lè dá omi padà.

Lónìí, ORS inú ọ̀rá ló dára jù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ iye omi mímọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lò, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Bí kò bá sí, ẹ wọn omi mímọ́ lítà kan, ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé lórí sí i, ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ o, ewu ni. Ẹ máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ béèrè hóró síǹkì pẹ̀lú, ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lò ó. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ kápúsù tó dé, dókítà ni yóò sì sọ ọ́.

Eyín híhù ńkọ́? Eyín híhù kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ a kò ní gbàgbé 2008, nígbà tí oògùn eyín olómi kan tí wọ́n ń pè ní "My Pikin" jáde, tí kẹ́míkà olóró kan bọ́ sínú rẹ̀, tó ba kíndìnrín àwọn ọmọ wa jẹ́. Ó lé ní ọgọ́rin ọmọ tó kú. Ní 1990 pẹ̀lú, irú kẹ́míkà kan náà nínú parasitamọ́ọ̀lù olómi ti pa àwọn ọmọ n'Ìbàdàn níbí àti ní Jos. Lóòótọ́, ìwà ọ̀dájú àwọn tó po oògùn ló fa ìyẹn. Àmọ́ ẹ wò ó, ọmọ tí eyín rẹ̀ ń hù tí ìyá rẹ̀ fún ní omi tútù àti ọmú nìkan, kò sí nínú àwọn tí wọ́n sin. Oògùn tí ọmọ kò nílò, ewu inú rẹ̀ nìkan ló kù.

Ẹ̀YIN ONÍṢẸ́ ỌWỌ́, Ẹ GBỌ́ TIYÍN

Bíríkìlà tó ń gbé bíríkì, fọkanáísà tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà, téélọ̀ tó tẹ̀ kọ́lọ́bọ́ lórí máṣíìnì ní Bẹẹrẹ, gbogbo yín lẹ̀yìn ń dùn. Ohun tó kàn ni pé ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó àti ẹ̀rọ pọ̀ sí, ní 2012 làwọn ẹgbẹ́ dókítà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Choosing Wisely, láti máa sọ fún ara wọn àti fún aláìsàn ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn dókítà ìdílé wọn kọ síbẹ̀ ni èyí: ẹ̀yìn dídùn tí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, àfi bí àmì burúkú bá wà. Púpọ̀ ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ má sùn sílẹ̀ gbalaja.

Àmì burúkú rèé: bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tí kò lágbára, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣe é dá dúró mọ́, bí ibà bá bá a rìn, bí èèyàn bá ń rù, tàbí bó bá jẹ́ pé láti orí pẹpẹ lo ti já bọ́. Má dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́fà o! Lọ́jọ́ náà ni kó o lọ.

Oògùn ara ríro tí ẹ ń fi ẹ̀kọ mì láràárọ̀ ńkọ́? Àwọn bíi ibuprofen àti diclofenac, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n wà fún. Ẹni tó bá sọ wọ́n di oúnjẹ, wọ́n lè lu inú rẹ̀ tí yóò máa bì ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lè pa kíndìnrín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìta á lólobó. Owó ìfọ̀jẹ̀ kíndìnrín, ilé bàbá ẹni kò tó o.

TA LÓ JẸ̀BI?

Ẹni tó bá ní oníkẹ́míìsì nìkan ló jẹ̀bi kò ṣòótọ́. Lóòótọ́, òfin kò fún alátẹ oògùn láṣẹ láti gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tàbí láti fa omi síni lára. Àmọ́ ta ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gún òun? Àwa náà ni. Dókítà tí èrò tò gbọọrọ sílẹ̀kùn rẹ̀, kíkọ ìwé tẹ́ẹ̀sì yá a ju ìbéèrè ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó ni láàbù fẹ́ jẹun. Aláìsàn fẹ́ rí nǹkan gbé délé. Kò sí ẹni tó ń purọ́ níbẹ̀ tán, àmọ́ gbogbo wa la jọ ń dáná sun owó kan náà.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ dókítà ìdílé fi ṣe kókó. Ní UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, ẹ̀ka dókítà ìdílé wà níbẹ̀ lónìí. Ohun tó mú dókítà ìdílé yàtọ̀ ni pé ó mọ̀ ọ́, ó mọ ilé rẹ, káàdì rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé o ṣe tẹ́ẹ̀sì yìí lóṣù tó kọjá, kò ní ní kó o tún un ṣe lónìí. Bí ọ̀nà UCH bá sì jìn, àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé wà ládùúgbò, Adéọ̀yọ́ sì wà ní Yemẹtu. Ẹ mú ibì kan, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ni yóò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN FÚN DÓKÍTÀ

Kì í ṣe àfojúdi láti béèrè. Ẹni tó ń ra aṣọ ní Gbági, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè báyìí:

1. Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, kí lẹ fẹ́ mọ̀ nínú tẹ́ẹ̀sì yìí? Bó bá jáde tàbí kò jáde, ṣé oògùn tẹ́ ẹ máa fún mi á yàtọ̀?

2. Kí ni oògùn tàbí abẹ́rẹ́ yìí lè ṣe fún mi ní búburú?

3. Ṣé èyí tí a ń gbé mì kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí?

4. Bí mo bá dúró ọjọ́ méjì wò ó, kí ló lè ṣẹlẹ̀? Kí ni mo máa rí tí mo máa fi sáré padà wá?

5. Èló ni? Èwo ló ṣe pàtàkì jù bí owó mi kò bá tó gbogbo rẹ̀?

Dókítà gidi kò ní bínú. Inú rẹ̀ á dùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ yìí jókòó sílé nígbà tí iná ń jó. Ọmọ tí gìrì mú, tí kò lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tó ń sùn tí kò ṣe é jí: ọsibítù ni kíá, kò sí ìbéèrè márùn-ún níbẹ̀. Aláboyún gbọ́dọ̀ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, ti ìtọ̀ àti ti kòkòrò HIV, kí wọ́n sì máa wọn ìfúnpá rẹ̀ nígbàkígbà tó bá lọ.

ÌYÁ ALÁTA PADÀ

Ẹ jẹ́ ká dárí ọ̀rọ̀ sọ́dọ̀ ìyá aláta wa. Ká ní lọ́jọ́ kan báyìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin fà á lọ sí ilé ìlera ìjọba. Nọ́ọ̀sì mú un jókòó, ó jẹ́ kó sinmi díẹ̀, ó fi ìgbànú kan dì í lápá, ó fọn ún. Ó wò ó. Ó tún un fọn lẹ́ẹ̀kejì.

"Màmá, ìgbà wo ni wọ́n wọn ìfúnpá yín kẹ́yìn?"

"Èwo nìyẹn, ọmọ mi?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru, mà. Tiyín ti wọ 180."

Ìyá wo ìgbànú náà, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi, gbogbo owó tí mo ti ná yìí, wọ́n ti gún mi nídìí, wọ́n ti gún mi lápá, wọ́n ti fa omi sí mi. Kò sẹ́ni tó dì mí ní nǹkan yìí rí."

Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa gbogbo orí tó ń fọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in, orí kì í fọ́ wọn, nǹkan kan kì í ṣe wọ́n, àfi ọjọ́ tí ẹ̀gbà bá dá wọn wólẹ̀ nídìí àtẹ. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, owó rẹ̀ kò tó owó abẹ́rẹ́ kan. Oògùn rẹ̀ wà, tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, kí iyọ̀ àti Maggi inú ọbẹ̀ sì dínkù. Owó ọdún márùn-ún tó bá tàífọ́ọ̀dù tí kò sí níbẹ̀ lọ, ìbá ti ra oògùn yẹn títí yóò fi ṣẹ́kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, bó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti dì yín lápá, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá sì ti pé ogójì ọdún, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín pẹ̀lú. Ẹ padà wá sọ fún ẹni tí àtẹ yín jọ kan ara wọn. Ẹni tó bá sì ní ìrírí tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì àti abẹ́rẹ́ yìí, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ bí ìgbà gbogbo. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹlòmíràn lè fi ti yín kọ́gbọ́n.